Favorit àti Felicia àtijọ́ fún eré ìje: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó

Ẹ̀yin ará, ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn èèyàn wa níbí nílùú Ọba ti ń bi mí pé mọ́tò wo ni wọ́n lè rà lówó pọ́ọ́kú tí wọ́n á fi máa ṣe eré ìje lópin ọ̀sẹ̀, ìdáhùn mi ò sì yí padà rí, Skoda àtijọ́ ni, pàápàá Favorit tàbí Felicia 1.3. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń rojú báyìí. Ẹ má rojú o. Àwọn ará Mladá Boleslav lórílẹ̀-èdè Czech yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré ìje, 130 RS wọn gba ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀ ní Monte Carlo lọ́dún 1977, nígbà tó sì di 1994 Favorit gba ife àgbáyé FIA, ìyẹn àjọ eré ìje mọ́tò àgbáyé, fún rálì àwọn mọ́tò tí ẹ́ńjìn wọn ò ju lítà 2 lọ, ẹ́ńjìn 1.3 lásán ló sì fi gbà á o, lọ́wọ́ àwọn tó gbé lítà 2 wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ kí n tó sọ nǹkan míì ni pé ẹ má fi owó àkọ́kọ́ ra agbára. Mo ti rí i lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á ra mọ́tò tán, wọ́n á lọ ra kabúrétọ̀ ńlá àti sàléńsà aláriwo, rédíétọ̀ tó ti dí láti ayébáyé ṣì wà níbẹ̀, ìdajì ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìn á ti hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Omi ló ń pa ẹ́ńjìn yìí. Ẹ tún omi ṣe, ẹ tún béréèkì ṣe, ẹ wá táyà àti ṣọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà ẹ wá lè máa wá agbára.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí èwo lẹ máa rà. Favorit jáde ní 1987, àwọn Bertone ti Ítálì ló ya ìrísí rẹ̀, Felicia gba ipò rẹ̀ ní 1994, wọ́n sì ń ṣe é títí dé 2001. Ìdílé ẹ́ńjìn kan náà ló wà nínú méjèèjì, 1289cc, búlọ́ọ̀kù alumíníọ̀mù, slíífù mẹ́rin (ìyẹn páìpù irin tí píísìtìn ń rìn nínú rẹ̀) tó dá dúró nínú omi, ṣéènì ló sì ń yí camshaft rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), kì í ṣe bẹ́ẹ̀lìtì. Tó bá jẹ́ Favorit, ẹ wá 136, compression tiẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sílíńdà, ga ju ti 135 lọ. Felicia tún ní 1.6 tó jẹ́ ẹ́ńjìn Volkswagen, 75 hp, ó dùn ún wà gan-an, àmọ́ bẹ́ẹ̀lìtì ni tiẹ̀, tó bá já ẹ bá ara yín lẹ́bàá ọ̀nà, yàtọ̀ síyẹn, 1.6 á gbé yín bọ́ sí kíláàsì àwọn mọ́tò tó lágbára jù yín lọ. Èmi ní tèmi, 1.3 ni mo máa sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ má tètè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ ná. Ẹ́ńjìn ṣeé pààrọ̀, bọ́dì tí ìpẹtà ti jẹ kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn sukudíráfà máa kan abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ibi tó bá dún gbinrin ló dáa, ibi tó bá dún bí páálí, ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń fi jáàkì sí, ẹ wo etí ibi tí táyà ẹ̀yìn wọ̀ sí, tó bá jẹ́ Felicia ẹ wo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn búùtù dáadáa, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ìyẹn ò pani lára tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù ni orí ṣọ́ọ̀kì iwájú níbi tó ti dè mọ́ bọ́dì, torí gbogbo ẹrù kọ́ọ̀nà ibẹ̀ ló ń lọ. Tí ìpẹtà bá ti wà níbẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí owó rẹ̀ tó kéré tàn yín.

Ó yá, omi wá kàn. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì Peugeot 504 nílé rí, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna nígbà yẹn, á ti rí bí wọ́n ṣe ń yọ slíífù jáde látinú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n á fi tuntun sí i. Bí ti Skoda náà ṣe rí nìyẹn. Slíífù jẹ́ irin, búlọ́ọ̀kù jẹ́ alumíníọ̀mù, omi ń kan ara slíífù ní tààrà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jókòó lórí òrùka tín-ín-rín kan tó ń dí omi kó má bàa wọnú ọ́ìlì, òkè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yọ bíńtín ju ojú búlọ́ọ̀kù lọ kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń dí àárín búlọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù sílíńdà, lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ wá rò ó wò, tí ẹ́ńjìn bá gbóná kọjá àlà, alumíníọ̀mù á wú ju irin lọ, tọ́ọ̀pù sílíńdà á tẹ̀, slíífù á mì lórí ìjókòó rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á bá ọ́ìlì lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ jẹ́ kó ọfáhìtì ti tó láti fa gbogbo ìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo omi.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ da gbogbo omi àtijọ́ nù, ẹ fi họ́ọ̀sì fọ rédíétọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè títí omi tó ń jáde á fi mọ́, tí kò bá mọ́ tàbí tí àwọn ewé rẹ̀ ti ń já bọ́, ẹ ra tuntun. Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì pátá, pẹ̀lú àwọn kékeré tó lọ sínú híta, àwọn kékeré yẹn gan-an ló máa ń bẹ́ torí kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n. Ẹ pààrọ̀ ìdérí tó ń di omi náà, torí òun ló ń jẹ́ kí omi wà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ kó má tètè hó. Ẹ fi tẹmostáàtì tuntun sí i. Mo mọ̀ pé nílé àwọn mẹkáníìkì wa máa ń yọ tẹmostáàtì jù nù, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí mọ́tò gbóná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, nínú òtútù yìí ẹ́ńjìn ò ní gbóná dé ibi tó yẹ, epo á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára slíífù, píísìtìn á sì máa tètè jẹ. Omi lásán náà ò dáa, ẹ da coolant mọ́ ọn ní ìdajì sí ìdajì, kì í ṣe tìtorí yìnyín nìkan, alumíníọ̀mù tó ń mu omi lásán ń jẹra láti inú wá.

Tí ẹ bá ń da omi tuntun sí i, ẹ ṣí híta sí gbígbóná pátápátá, ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ họ́ọ̀sì òkè kí afẹ́fẹ́ lè jáde, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìn ṣiṣẹ́ títí fáànù á fi dá ara rẹ̀ tàn kó sì dá ara rẹ̀ kú. Tí afẹ́fẹ́ híta bá ṣì tutù nígbà tí gééjì ti gòkè, afẹ́fẹ́ há síbì kan nìyẹn, ẹ ò tíì ṣe tán. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ jẹ́ kí rìwáyà bá yín fa wáyà fáànù wọnú mọ́tò sí swíìṣì kan tí ẹ lè fi ọwọ́ tàn, kó gbé e gba rílè àti fíúùsì o, kó má kàn so ó ṣákálá. Tí ẹ bá wà lórí ìlà tí ẹ ń dúró de ìgbà tó máa kàn yín, ẹ tàn án. Ẹ fi gééjì gidi sí i pẹ̀lú, èyí tó ní nọ́ńbà lára, torí ti inú Favorit yẹn ò sọ òótọ́ tó fún eré ìje.

Tó bá jẹ́ pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Tí ẹ bá ti ṣí tọ́ọ̀pù sílíńdà kúrò, ẹ má yí ẹ́ńjìn rárá, tí píísìtìn bá gòkè á gbé slíífù dìde lórí òrùka rẹ̀, tó bá sì ti gbé e dìde, ìdí rẹ̀ á máa jò lọ́jọ́ iwájú, ẹ ò sì ní mọ̀ títí ẹ fi máa tò ó tán. Ẹ wá bóòtù gígùn àti wáṣà fẹ̀ǹfẹ̀ láti fi tẹ àwọn slíífù mọ́lẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ẹ nu ojú búlọ́ọ̀kù mọ́ tónítóní, ẹ gbé irin títọ́ kan lé orí slíífù, ẹ fi filà gééjì, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wo iye tí slíífù kọ̀ọ̀kan fi yọ, iye tó yẹ kó jẹ́ wà nínú ìwé mọ́tò yín, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gbọ́dọ̀ súnmọ́ ara wọn, èyí tó bá wọlẹ̀ ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni gásíkẹ́ẹ̀tì ti máa jó. Ẹ lè rí òrùka bàbà tó nípọn ju ara wọn lọ rà láti fi tún un ṣe. Tọ́ọ̀pù sílíńdà fúnra rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fá a, kí wọ́n wò ó bóyá ó ti tẹ̀. Ẹ fọ ihò bóòtù, omi tàbí ọ́ìlì ò gbọ́dọ̀ kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, alumíníọ̀mù á là ni. Tí ẹ bá ń dè é padà, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele, pẹ̀lú torque wrench, ìyẹn sípánà tó ń wọn bí ẹ ṣe dè é le tó, ẹ má fi agbára apá díwọ̀n rárá.

Ọ́ìlì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 10W-40 tàbí 15W-40 tó dáa, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà lóòrèkóòrè ju bí ìwé ṣe sọ lọ, ẹ jẹ́ kó kún dé àmì òkè kí ẹ tó wọnú ìje, torí ní kọ́ọ̀nà gígùn ọ́ìlì máa ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá máa lọ sí sprint, níbi tí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ti ń dá sá eré kí wọ́n wo àkókò rẹ̀, tàbí pápá eré tí kọ́ọ̀nà rẹ̀ yára, ẹ jẹ́ kí wélídà bá yín jó pẹpẹ sínú sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìn, láti dá a dúró. Gééjì prẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú.

Béréèkì. Iwájú jẹ́ dísìkì, ẹ̀yìn jẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ má lọ ra kálípà ńlá láti ara mọ́tò míì, mọ́tò yìí fúyẹ́, Favorit ò tó 900 kg, béréèkì tó bá a wá tó o tí ara rẹ̀ bá dá. Ẹ tú kálípà, ẹ rí i pé àwọn pín-ìnnì rẹ̀ ń rìn wọ́ọ́rọ́, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì rọ́bà rẹ̀ torí ti ọgbọ̀n ọdún máa ń wú tí ẹ bá tẹ béréèkì, ẹsẹ̀ yín á máa rì. Ẹ da ọ́ìlì béréèkì DOT 4 tuntun sí i lọ́dọọdún, ọ́ìlì béréèkì máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, omi yẹn á hó nígbà tí ẹ bá ń tẹ ẹ́ léraléra, pẹ́dálì á wá lọ sílẹ̀ pátá. Ẹ ra páàdì tó le díẹ̀ ju ti ìgboro lọ, kì í ṣe ti ìje gidi o, ìyẹn kì í mú bí kò bá tíì gbóná, bẹ́ẹ̀ eré AutoSOLO, èyí tí ẹ ń wà mọ́tò gba àárín àwọn kóònù tí wọ́n tò sílẹ̀, ò pẹ́ tó láti mú un gbóná. Hándì béréèkì náà ṣe pàtàkì, nínú autotest, tí òun náà jẹ́ eré àárín kóònù, òun lẹ máa fi yí mọ́tò po, ẹ kọ́kọ́ ṣètò ṣúù inú dúrọ́ọ̀mù lápá méjèèjì kí wọ́n dọ́gba, lẹ́yìn náà kí ẹ tó fa kébù, àwọn tó ń fa kébù nìkan láìṣí dúrọ́ọ̀mù ń tan ara wọn.

Ní ti ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ṣìn, bọ́ṣìn iwájú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, tó bá ti rọ̀, sítíárì á máa rìn lọ síbi tó wù ú. Ẹ́ńjìn síìtì náà, tó bá ti já ẹ́ńjìn á máa fò, gíà á sì máa nira láti wọlé. Ṣọ́ọ̀kì ṣáájú sípíríńgì nígbà gbogbo. Sípíríńgì kúkúrú lórí ṣọ́ọ̀kì tó ti kú, mọ́tò á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ni, táyà ò ní kan ilẹ̀. Ẹ má sì gé sípíríńgì, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ẹ lọ ṣe alignment, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí iwájú táyà méjèèjì ṣí síta díẹ̀ bíńtín, ó máa ń jẹ́ kí imú mọ́tò tètè wọ kọ́ọ̀nà, àmọ́ tí ẹ bá ń wà á lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ẹ má ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ, á jẹ táyà.

Táyà tó bá Favorit wá ni 165/70 R13, ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ lára, nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, ọ̀sẹ̀ àti ọdún ni, táyà tó ní kẹ́kẹ́ lára síbẹ̀ tó ti gbó, ó ti le bí pátákó. Nípa afẹ́fẹ́, ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì, mo ń sọ ti ìkọ̀wé ojú pátákó kíláàsì o, ẹ fi fa ìlà láti ojú táyà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi mẹ́ta, ẹ sá ìpele kan, kẹ́ ẹ wá wo ibi tí ìlà yẹn pa rẹ́ dé. Tó bá pa rẹ́ kọjá etí wọ ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ kéré, táyà ń dojú bolẹ̀. Tí kò bá tiẹ̀ dé etí, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Ẹ kọ iye tó dáa sílẹ̀ fún ọjọ́ gbígbẹ àti ọjọ́ òjò.

Agbára wá kù. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun tó wà níbẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ: plọ́ọ̀gì, wáyà plọ́ọ̀gì, táímìn, àlàfo fáàfù. Bí iná ṣe ń tẹ̀lé ara rẹ̀ ni 1-3-4-2, ẹ má kọ́ ọ lódì. Favorit oníkabúrétọ̀, ẹ wo ìdí kabúrétọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ráhùn pé mọ́tò wọn ò fà, ibẹ̀ ni ìṣòro wọn wà. Lẹ́yìn ìyẹn, manifold sàléńsà 4-2-1 (páìpù mẹ́rin tó di méjì tó wá di ọ̀kan) dáa, kí wọ́n sì bá yín fá ihò tọ́ọ̀pù sílíńdà kó bá ti manifold mu. Camshaft eré ìje, ẹ ṣọ́ra fún un, kránkì ẹ́ńjìn yìí, ọ̀pá tí àwọn píísìtìn ń yí, bíárìn mẹ́ta péré ló gbé e dúró kì í ṣe márùn-ún, tí ẹ bá ń yí i ga jù á máa tẹ̀ ní àárín, kò pẹ́ tó máa nọ́ọ̀kì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn fífi kún cc ju fífi kún ìyípo lọ. Ẹ́ńjìn 1.4 MPI tó wà nínú Skoda Fabia àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ìyá ti 1.3 yìí, slíífù wọn fẹ̀ bákan náà, 75.5 mm, kránkì ló yàtọ̀, stroke, ìyẹn ìrìn píísìtìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, 72 mm di 78 mm, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 1397cc, tí kò kọjá 1400 tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ń pín kíláàsì. Agbára tó wà nísàlẹ̀ yẹn lẹ nílò láàárín kóònù, kì í ṣe ariwo òkè. Ẹ kàn rí i pé òfin ìje yín gba ẹ́ńjìn míì kí ẹ tó náwó.

Fún ẹni tó bá ní Estelle, ìyẹn 105 tàbí 120 tí ẹ́ńjìn rẹ̀ wà lẹ́yìn, gbogbo ọ̀rọ̀ omi tí mo sọ ìlọ́po méjì ni kẹ́ ẹ kà á, torí rédíétọ̀ wà níwájú, ẹ́ńjìn wà lẹ́yìn, páìpù gígùn ló so wọ́n pọ̀ lábẹ́ mọ́tò, afẹ́fẹ́ sì fẹ́ràn láti há síbẹ̀. Wíwà rẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù láàárín kọ́ọ̀nà, ìdí rẹ̀ á kọjá iwájú. Ẹ tẹ béréèkì tán nígbà tí mọ́tò ṣì tọ́, ẹ yí i, ẹ wá máa fún un ní iná díẹ̀díẹ̀.

Ibo lẹ máa lò ó? Nílùú Ọba níbí Motorsport UK ló ń ṣe àkóso, ẹ wọ ẹgbẹ́ mọ́tò tó súnmọ́ yín, ẹ gba láísẹ́ńsì RS Clubman wọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AutoSOLO tàbí autotest, àárín kóònù ni wọ́n ti ń ṣe é, mọ́tò tí ẹ wà wá náà lẹ máa wà lọ sílé. Níbẹ̀ ẹ ò nílò kéèjì, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n ń tò sínú mọ́tò láti dáàbò bo yín tó bá dojú dé, àmọ́ tó bá di rálì gidi, kéèjì di dandan, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ṣe é fún yín. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé wọ́n á yẹ mọ́tò wò: báttírì gbọ́dọ̀ dè pinpin, wáyà rẹ̀ tó lọ sí bọ́dì kó ní àmì yẹ́lò, sípíríńgì tó ń dá tọ́rótù padà gbọ́dọ̀ lágbára, kò gbọ́dọ̀ sí ohun tó ń jò, kò sì gbọ́dọ̀ sí ẹrù tó ń yí kiri nínú mọ́tò. Ẹ pe àwọn oní-ínṣọ́ránsì yín, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti pààrọ̀ fún wọn, ẹ má fi pamọ́.

Lọ́jọ́ ìje, tí ẹ bá sá tán, ẹ má pa ẹ́ńjìn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tan fáànù, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí gééjì á fi sọ̀, ẹ wá pa á, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Hándì béréèkì náà, ẹ má fà á nígbà tí dúrọ́ọ̀mù ṣì gbóná, ẹ kàn fi sí gíà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó bá ti tutù dáadáa, ẹ ṣí ìdérí omi, ẹ wo bó ṣe kù, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ti funfun bí ògì, ẹ fa dípísítíìkì náà wò. Funfun díẹ̀ lórí ìdérí nìkan nígbà òtútù lè jẹ́ oru lásán, tó bá wà lára dípísítíìkì, omi ti wọnú ọ́ìlì, ẹ má tanná sí i mọ́. Tí ọ́ìlì bá mọ́ àmọ́ tí omi dín, ẹ má kàn bu omi sí i kí ẹ máa lọ, ẹ wá ibi tó gbà jáde: ìdí pọ́ǹpù omi, ìsopọ̀ họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú torí híta máa ń jò síbẹ̀. Tí gbogbo ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ tan ẹ́ńjìn pẹ̀lú ìdérí omi ní ṣíṣí nígbà tó ṣì tutù, ẹ wò ó. Tó bá ń hó kùkùkù bó ṣe tàn báyìí láìtíì gbóná, gáàsì ń gba orí slíífù kan wọnú omi, tọ́ọ̀pù sílíńdà á bọ́ sílẹ̀ kí ìje tó ń bọ̀ tó dé.